Ofege: Àwọn Ọmọ Ilé-Ìwé Tó Fi Gìtá Kọ Orúkọ Wọn Sínú Ìtàn Èkó

Ìtàn la gbé wá lónìí. Yàrá ọ́sítẹ́ẹ̀lì kan ní Ìdí-Àràbà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, tí ooru mú, tí ìwé kò ṣeé kà mọ́.

Ẹnì kan nínú wa ló tẹ orin kan lórí fóònù rẹ̀. Gìtá ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń han bí ẹni tí inú ń bí. Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọkùnrin kan bọ́ sí i, ohùn tútù, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Ẹnì kan ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ ọ́. Ẹlòmíràn ní rárá, ará Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n. Ẹni tó ni fóònù rẹ́rìn-ín títí, ó ní: "Ọmọ Èkó ni wọ́n. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n. Ọdún 1973 ni."

Ojú tì wá díẹ̀. Àwa tí a lè ka orúkọ gbogbo ẹni tó ń kọ orin ráàpù ní Atlanta láì mí, a kò mọ orúkọ àwọn ọmọ tó jókòó sí irú àga tí àwa náà jókòó sí, ní ìlú tí a wà yìí, tí wọ́n ṣe àwo orin kí wọ́n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn ni Ofege. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni a ti ń wá ìtàn wọn kiri, ohun tí a rí sì ju ìtàn orin lọ. Ó kan ìbéèrè kan tí gbogbo wa ń gbọ́ nílé: ṣé orin ló ń ba ìwé jẹ́?

Ẹ̀yìn ilé wa

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ ká wo àyíká wa ná. Ẹni tó bá jáde ní LUTH tó kọrí sí ọ̀nà Mushin, kò ní rìn jìnnà kó tó dé Ìdí-Orò. Ibẹ̀, ní nọ́ńbà 14, Agege Motor Road, ni Fela gbé, nínú ilé tó sọ ní Kalakuta. Ní tòsí rẹ̀ ni Empire Hotel, níbi tó ti ń ṣeré ní Shrine rẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ẹ̀gbọ́n Fela, Olikoye Ransome-Kuti, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé ni, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn tiwa ní Ìdí-Àràbà níbí. Àbúrò wọn, Beko, dókítà ni òun náà, ilé ìwòsàn rẹ̀ sì wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú ilé Fela. Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ìwé àti orin kò lè jọ gbé inú ilé kan, ẹ fi ọ̀nà Ìdí-Orò hàn án.

Bí a bá sì wọ inú Mushin gan-an, a ó rí i pé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ ọmọ Èkó láti kó ẹgbẹ́ olórin jọ ní kékeré. Ní oṣù Ààwẹ̀, àwọn ọmọdé máa ń kó ara wọn jọ lóru, wọ́n á máa lu ìlù, wọ́n á máa lu agolo, wọ́n á máa jí àwọn Mùsùlùmí láti jẹ sààrì. Eré yìí là ń pè ní wéré tàbí ajísààrì. Sikiru Ayinde Barrister, tí wọ́n bí ní 1948, ọmọdé ló wà tó fi bẹ̀rẹ̀ eré yìí. Ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, ó jáde, ó sì sọ eré ọmọdé náà di fújì tí gbogbo ayé wá mọ̀. Wasiu Ayinde tó tẹ̀lé e, láti kékeré lòun náà ti ń ṣe wéré. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́, àdúgbò kan, ohun èlò tí kò tó nǹkan, àti òru tó gùn: ìpìlẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ofege kò yàtọ̀ sí wọn níbi ìpìlẹ̀. Ohun èlò ló yàtọ̀: gìtá oníná dípò sákárà àti agídìgbo, ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ dípò ojú títì.

Èkó lẹ́yìn ogun

Oṣù kìíní ọdún 1970 ni ogun abẹ́lé parí. Àwọn ọ̀dọ́ tí ogun náà bá ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti wà ní girama nígbà tó fi máa di 1972. Etí wọn ti kún fún ohùn láti òkè òkun. James Brown wá sí Èkó ní ìparí 1970. Ní oṣù kẹta ọdún 1971, wọ́n ṣe eré ńlá kan ní Accra tí wọ́n pè ní Soul to Soul. Santana wà níbẹ̀, Wilson Pickett wà níbẹ̀, Ike àti Tina Turner náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò lè rí owó ọkọ̀ dé Ghana, ó gbọ́ ọ lórí àwo, tàbí kó wò ó nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fíìmù.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà nílé kò sùn. Joni Haastrup ní ẹgbẹ́ MonoMono. Ofo the Black Company ti gbé orin "Allah Wakbarr" jáde. Ní 1972, Berkley Jones, Laolu Akintobi àti Mike Odumosu dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn ni wọ́n kó jọ. Gìtá tó ń han, ìlù tó wúwo, àti ìgboyà pé ọmọ Nàìjíríà lè ṣe rọ́ọ̀kì láì tọrọ ààyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ Èkó nígbà náà nìyẹn. Jùjú kò kú, háíláìfù kò tíì parí, Afrobeat ń gbóná. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń gbọ́ Jimi Hendrix kò rí ara rẹ̀ pátápátá nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ohun tí yóò jẹ́ tirẹ̀ ló ń wá.

Ọmọ márùn-ún ní Obalende

St. Gregory's College wà ní Obalende. Ìjọ Kátólíìkì ló dá a sílẹ̀ ní 1928. Ilé-ẹ̀kọ́ ọkùnrin ni, ilé-ẹ̀kọ́ olórúkọ. Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán tí gbogbo àgbáyé mọ̀, wà lára àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀rẹ́ kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi gìtá ṣeré lẹ́yìn kíláàsì, àti nígbà mìíràn, bí orúkọ tí wọ́n sọ ara wọn ti fi hàn, nígbà tí kíláàsì ń lọ lọ́wọ́.

Nítorí pé èdè àwọn ọmọ ilé-ìwé ni "ofege". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ènìyàn sá kúrò nínú ọgbà láì gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́. Ẹ wo irú orúkọ tí wọ́n mú! Ẹlòmíràn ì bá wá orúkọ tó ń dán láti ìlú òyìnbó. Àwọn wọ̀nyí mú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n fi ń na ọmọ ní pàṣán, wọ́n fi ṣe orúkọ oyè. Ọmọ ilé-ìwé èyíkéyìí tó bá gbọ́ ọ yóò rẹ́rìn-ín kó tó gbọ́ orin rárá. Ó ti mọ̀ pé tòun ni wọ́n.

Márùn-ún ni wọ́n: Melvin Ukachi tó ń kọrin tó sì ń ta gìtá, Paul Alade, Felix Inneh, Dapo Olumide tó wà nídìí dùrù, àti M-Ike Meme tó ń lu ìlù. Ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ rọra kà á. Orúkọ Ìgbò wà níbẹ̀. Orúkọ Yorùbá wà níbẹ̀. Orúkọ Ẹdó wà níbẹ̀. Ogun tí wọ́n fi ẹ̀yà jà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó parí nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ń jọ tún okùn gìtá so. Kò sí ẹni tó pè wọ́n sí ìpàdé ìlàjà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, orin kan náà ni wọ́n fẹ́ràn, ìyẹn sì tó wọn. Nígbà tí a bá ń sọ pé ọ̀dọ́ kó ẹgbẹ́ orin jọ, a máa ń rò pé eré ni. Ní 1973, kí ọmọ Ìgbò àti ọmọ Yorùbá jọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní Èkó láti jọ kọrin ìfẹ́, ó ju eré lọ.

Sítúdíò Apapa

Ilé-iṣẹ́ EMI ní sítúdíò ní Wharf Road, Apapa. Kò tóbi bíi ti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ ibẹ̀ kò sì ju èyí tó lè gba ohùn ní ọ̀nà mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n ó wà ní Èkó, ẹni tó ń gbé Obalende sì lè wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ kó tún padà sílé ní ọjọ́ kan náà. Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ níbẹ̀ ni Odion Iruoje. Òun ló ń wá olórin kiri fún ilé-iṣẹ́ náà, tó sì ń darí bí wọ́n ṣe ń ṣe àwo. Ó ti bá Fela ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ẹni tó nílò láti fetí sí ọmọ ilé-ìwé kó tó rí oúnjẹ jẹ.

Síbẹ̀, ó fetí sí wọn. Ibí yìí ni ìtàn náà ti yí padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ta gìtá lẹ́yìn kíláàsì káàkiri Nàìjíríà. Ẹ̀bùn kò wọ́n wa rí. Àgbàlagbà tó ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tó rí ẹ̀bùn tó sì ṣílẹ̀kùn, òun ló wọ́n. Ní 1973, EMI gbé àwo àkọ́kọ́ Ofege jáde, wọ́n pè é ní "Try and Love." Àwọn tó kọ ọ́ ṣì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan kan kún un, kí ẹ lè mọ irú ibi tí sítúdíò náà jẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973 kan náà, Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles, kó ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti ẹgbẹ́ Wings wá sí Èkó. Sítúdíò EMI ní Apapa yìí ló ti ṣe púpọ̀ nínú "Band on the Run," àwo tó jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà tó sì di ọ̀kan nínú àwọn tó tà jù ní ayé rẹ̀. Ó lọ wo Fela ní Shrine, ó sì ti sọ fúnra rẹ̀ pé omi bọ́ lójú òun nígbà tí òun gbọ́ eré náà. Fela ní tirẹ̀ fi ẹ̀sùn kàn án pé ó wá jí orin adúláwọ̀, àfìgbà tí McCartney jẹ́ kó gbọ́ ohun tó gbà sílẹ̀ kó tó gbà pé kò mú nǹkan onílé. Ẹ rò ó wò: ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà, ìlú kan náà. Olórin tó lókìkí jù láyé àti ọmọ ilé-ìwé tó sá ní kíláàsì, wọ́n jọ lo ilé kan. Ìtàn ayé kò gbàgbé ẹni àkọ́kọ́. Ẹni kejì ni a fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù.

Kí ló wà nínú àwo náà? Orin mẹ́jọ. Ọ̀kan ń jẹ́ "Nobody Fails," àkọlé tí àwa ọmọ Ìdí-Àràbà ì bá fẹ́ kọ sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò. Ọ̀kan ní àkọlé Yorùbá, "Gbe Mi Lo." "It's Not Easy" wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni "Whizzy Ilabo" àti èyí tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ wọn pè. Gìtá wọn le, ó ń dún bí ẹ̀rọ tó fẹ́ jóná, ṣùgbọ́n ohùn wọn rọ̀. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì mọ bí yóò ṣe sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ọmọbìnrin ni. Àgbàlagbà kò lè ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀. Bí àgbàlagbà bá kọ orin ìfẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, yóò dà bí ẹni tó wọ ṣòkòtò àbúrò rẹ̀.

Kí ló gbé wọn ga?

Àwo náà ràn kálẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́, pàápàá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Bí a bá bi wá pé kí ló fà á, nǹkan mẹ́rin la ó kà.

Èkíní, ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn òbí ní ìgbà náà, bíi tòní, gbà pé orin àti ìwé jẹ́ ọ̀tá. Wọn kò sì jẹ̀bi pátápátá. Nígbà tí ọ̀dọ́ ń sá nílé lọ gbé Kalakuta, òbí wo ni ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀? Nígbà tí àwọn sójà sì dáná sun ilé náà ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, ẹ̀rù náà lé kún ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Níbo ni Ofege ti pàdé ara wọn? Ilé-ẹ̀kọ́ ni. Níbo ni àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ wọn wà? Ilé-ẹ̀kọ́ ni. Kí ni orúkọ wọn dá lé lórí? Ilé-ẹ̀kọ́ ni. Ẹni tí kò sí nínú ọgbà kò lè sá kúrò nínú ọgbà. Bí kò bá sí ilé-ìwé, kò sí Ofege.

Ẹ̀kejì, ọ̀rẹ́. Ẹgbẹ́ tí ọ̀gá kan bá fi owó kó jọ, ọjọ́ tí owó bá tán ni ó tú ká. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ lè jókòó ní oṣù mẹ́fà lórí orin kan láì gba kọ́bọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣi okùn tà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ta. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè ra irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó ṣílẹ̀kùn. A ti sọ ti Odion Iruoje. Kò tún wọn ṣe títí wọn yóò fi dà bí àgbà. Ó jẹ́ kí ìgbà èwe wọn hàn lórí àwo, nítorí ó mọ̀ pé ìgbà èwe náà gan-an ni ọjà.

Ẹ̀kẹrin, owó ìlú. Ní ìparí 1973, owó epo rọ̀bì bẹ̀rẹ̀ sí í ga lọ́jà àgbáyé, láàárín oṣù díẹ̀ ó ti di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tó di 1974 sí 1975, ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí gbogbo àgbà wa ń pè ní owó Udoji títí dòní. Ẹni tí kò ní rédíògíráàmù tẹ́lẹ̀ ra ọ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá sì wọlé, àwo gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e. Bàbá ra Ebenezer Obey àti Sunny Ade. Ọmọ ra Ofege, ó dúró de ìgbà tí bàbá bá jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹ̀yìn òyìnbó ni wọ́n wà o. Àwọn ọ̀dọ́ Lọ́ńdọ̀nù tó dá páǹkì sílẹ̀, tí wọ́n ní ẹni tó mọ ibi mẹ́ta lórí gìtá lè dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ọdún 1976 ni ariwo tiwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ayé kan, kó tó ràn dé ìgbèríko Paris. Ní Obalende, ọmọ ilé-ìwé ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú.

Àwọn tó gba ọ̀nà tí wọ́n là

Ọ̀nà tó bá ti là, ẹsẹ̀ púpọ̀ ni yóò gbà á. Lẹ́yìn Ofege, EMI kò bẹ̀rù ọmọ ilé-ìwé mọ́. Ní 1974, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ mìíràn, Question Mark, gbé "Be Nice to the People" jáde. Ní 1977, ẹgbẹ́ Tirogo gbé "Float" jáde. Ní ọdún 1977 kan náà, láti St. Gregory's yìí kan náà, ẹgbẹ́ Grotto gbé "At Last" jáde, wọ́n sì fi "Wait... No Hurry" tẹ̀lé e ní 1979.

Ofege fúnra wọn kò dúró sójú kan. "The Last of the Origins" jáde ní 1976, "Higher Plane Breeze" ní 1977, "How Do You Feel" ní 1978. Bí ẹ bá gbọ́ wọn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ẹ ó gbọ́ bí ọmọkùnrin ṣe ń di ọkùnrin. Ohùn le sí i. Gìtá tó ń han rọlẹ̀, fọ́ńkì àti ijó dískò wọlé, nítorí bí ayé ṣe ń yí nìyẹn. Ọwọ́ wọn mọ́ sí i. Ohun tó wà nínú àwo àkọ́kọ́, tí ènìyàn ń ní lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kò tún padà. Ìgbà èwe kì í ṣe ohun tí a ń lọ gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹgbẹ́ ilé-ìwé ní ọjọ́ tó máa ń parí, bí ìwé mẹ́wàá ti ní ọjọ́ tó máa ń parí: yunifásítì, iṣẹ́, ìgbéyàwó, ìrìnàjò, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Melvin Ukachi kò fi orin sílẹ̀; ní 1981 ó tún gbé àwo kan jáde láti pe ìró Ofege padà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ọ̀dọ́ mìíràn kò gba ipò wọn? Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú orin. Ní 1986, ètò SAP dé, náírà já wálẹ̀. Gìtá tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun di ohun tí owó oṣù òṣìṣẹ́ kò lè rà. Ẹ̀rọ amóhùn-dún-sókè, ìlù òyìnbó, ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ àwo, gbogbo wọn gbówó lérí. Àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ńlá láti òkè òkun ń palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní àwọn ọdún 1990, ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọrin ní Mushin tàbí Surulere kò lè ra gìtá, ṣùgbọ́n ó lè rí kásẹ́ẹ̀tì tó ní ìlù lórí, kó sì máa fi ẹnu sọ̀rọ̀ lé e. Ọ̀nà tí ráàpù gbà wọlé nìyẹn. Ẹ̀bùn kò tán. Ohun èlò ló yí padà, nítorí owó yí padà.

Tiwa ńkọ́?

Ó ku ibi tó dùn wá jù. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, àwọn tó ń wá àwo àtijọ́ ní ilẹ̀ òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ofege kiri. Wọ́n ń san owó ńlá fún àwo tí ẹlòmíràn níbí ti fi di ẹnu garawa. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun tún tẹ "Try and Love" jáde lákọ̀tun. Ọ̀dọ́ ní New York àti ní Paris gbọ́ orúkọ St. Gregory's kí àwa tó gbọ́ ọ. Àwa tí a fi ẹsẹ̀ lè dé Ìdí-Orò, orí fóònù la ti gbọ́ ọ, bí àjèjì.

A kò sọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tọ́jú ohun tí onílé sọ nù, kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onílé kò bá pìtàn ilé rẹ̀, bí àlejò bá ṣe pa á ni yóò gbọ́ ọ.

Nínú wa ni ẹnì kan wà tó ní gìtá. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń gbé e sí, ó sì fi aṣọ bò ó nígbàkúùgbà tí bàbá rẹ̀ bá ń bọ̀ wá wò ó. Bàbá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Iṣẹ́ dókítà ló ń sanwó fún, ó sì fẹ́ rí dókítà. Nígbà tí a parí kíkọ ìtàn yìí, a kà á sí ẹni tó ni gìtá náà létí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Ṣé ẹ rò pé bàbá mi náà ra Ofege?" Kò sí ẹni tó lè dáhùn. A ṣírò ọjọ́ orí bàbá náà: ní 1973, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ni. Ó ṣeé ṣe kó rà á. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti sá kúrò ní kíláàsì rí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin bàbá àti ìyá tí ẹ ń kà wá. Bí ẹ bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹgbẹ́ wo ló wà ní ilé-ìwé yín? Ta ló ń ta gìtá? Níbo ni ẹ ti ń jó ní Sátidé? Bí àwo bá ṣì wà nínú àpótí lókè àjà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún onígọ̀ọ́. Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́. Orúkọ àwọn tó ṣe é máa ń wà níbẹ̀ ní lẹ́tà kékeré, ibi tí ìtàn máa ń sá pamọ́ sí nìyẹn.

Àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ní gìtá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì: a kò ní kí ẹ fi ìdánwò sílẹ̀ o, ẹ má fi wá sọ̀rọ̀ nílé. A kàn ní kí ẹ rántí pé ọmọ márùn-ún kan wà ní Obalende tí wọn kò dúró di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà. Àwo kan tí wọ́n ṣe ní ọ̀dọ́langba ti ju àádọ́ta ọdún lọ báyìí, ó sì ṣì ń jí àwọn ènìyàn lójú oorun ní ọ́sítẹ́ẹ̀lì Ìdí-Àràbà.

Iná ti dé. Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ìwé.